Ilẹ̀ Tí A Lù Lábẹ́ Igi Ọdán

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ògbó, àdá tó ń lànà nínú igbó. Ọmọ ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, tí í fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ilẹ̀ tí ọkọ́ kò rí tẹ́. Ọmọ afi-pẹ̀lẹ́-gba ohun tí alágbára wá tì. Àbẹ̀kẹ́ arìn-má-gbọ̀nlẹ̀, akẹ́yìn-dé-ṣíwájú. Ọmọ ìyàwó tó ń pe ọmọ ìyálé ní ẹ̀gbọ́n láti kékeré títí dé orí ẹní ikú. Sùn ire o, ọmọ bàbá mi.

Èyí ni oríkì àbúrò mi. Apá kan nínú rẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jí i láàárọ̀. Apá kan, ẹnu tèmi ló ti wá. Akẹ́yìn-dé-ṣíwájú yẹn, èmi ni mo fi kún un, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí oríkì yìí, n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Bí mo ti jókòó yìí, mo lè ka orúkọ gbogbo ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì wa, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn títí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àti orúkọ ìyá wọn, àti ohun tí ìyá wọn ń tà. Ṣùgbọ́n òkú kò lè fèsì, alààyè sì lè bínú. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò. Ẹ bá mi gbà á bí mo bá ṣe kọ ọ́.

Bàbá kan ló bí wa. Ìyá mi ni ìyálé, ìyá tirẹ̀ ni ìyàwó. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi kò tíì kọjá tí òun náà fi dé. Ìyá mi sọ fún mi pé ìdajì adìẹ tí wọ́n pa nítorí tèmi, yàrá kejì ni wọ́n gbé e lọ, fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lórí adìẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kan ni bàbá wa ń rà fún wa, wọ́n á gé e sí méjì. Ọjọ́ kan náà la wọ ilé-ìwé. Kò sí ohun tí mo ní tí òun kò ní, àfi ọjọ́ díẹ̀ tí mo fi ṣáájú rẹ̀ dé ayé.

Nítorí ọjọ́ díẹ̀ yẹn, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Bí ẹran bá wà nínú ọbẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ ń mú. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, èmi ni mo kọ́kọ́ ń lanu. Òun kì í sọ "ìwọ" fún mi, "ẹ̀yin" ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo àwọn ojúgbà méjì, ọ̀kan ń kúnlẹ̀ fún ìkejì!" Inú mi a máa dùn. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà kò ju pé kí nǹkan kan jẹ́ tèmi, kí wọ́n yìn mí lé e lórí, kí wọ́n má sì gé e sí méjì.

Ilé-ìwé wa, ilé-ìwé àtijọ́ ni, ní Ìlá níhìn-ín. Ẹsẹ̀ bàbá wa wà lára àwọn ẹsẹ̀ tó po amọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ tutù, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àgbàlá rẹ̀ ni a ti ń ṣeré. Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ọmọ ya wọlé bí ìjàlọ. Wọ́n kọ́ kíláàsì tuntun sórí àgbàlá náà, ibi tó ṣẹ́kù fún eré kò wá ju ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti igi ọdán ńlá. Gbòǹgbò, òkúta, eruku. Àwọn ọkùnrin gba gbogbo rẹ̀ fún bọ́ọ̀lù. Àwa obìnrin a dúró ti ògiri bí ẹni tó ń retí ìyá rẹ̀ láti ọjà.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa nígbà náà, apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá. Èdè Ìgbómìnà wa a máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà, wọ́n gun orí òkúta kan, wọ́n ní, "Ibi ìṣeré yìí, a fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀yin lẹ ń ṣeré níbẹ̀, èmi kọ́. Kí lẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀?"

Inú ilé wo ni wọ́n ti ń bi ọmọ pé kí ló fẹ́? Ohun tí wọ́n bá gbé fún ọmọ ni ọmọ ń gbà, á sì dúpẹ́. A wo ara wa. Nígbà tó yá, gbogbo wa pa ohùn pọ̀ bí ẹni ń kọrin: "Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, sà!"

"Mo ní, kí lẹ̀yin fẹ́?"

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, sà!"

Ọ̀gá di orí mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n kó wa lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí yanrìn wà, wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣa igi kékeré, kí ó ya ohun tó bá fẹ́ sílẹ̀. "Ẹni tí kò lè fẹnu sọ ọ́ lójú àgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣáà ní tijú." Wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí wa lóòótọ́, wọ́n ń wo ọ̀nà Òkè-Ìlá.

Háà, ọwọ́ kò tijú! Àwọn ọkùnrin ya òpó bọ́ọ̀lù títí a kò fi rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹnì kan ya igi ìbẹ́pẹ, èso ara rẹ̀ pọ̀ ju ewé lọ. Ọmọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà. Òun ya ìyá rẹ̀ àti agbada epo, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun máa wá tà nínú ọgbà.

"Kí ìyá rẹ máa tà, kí ìwọ máa jẹ," la fi bú u.

Èmi ya jáńgìlófà. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo ti fojú rí i. Bàbá wa mú mi dání lọ sí Òṣogbo nígbà kan tí ibà dá Àbẹ̀kẹ́ dúró sílé, mo sì rí i nínú ọgbà ilé-ìwé kan níbẹ̀: okùn méjì láti ara ẹ̀ka igi, pákó nísàlẹ̀, ọmọ jókòó lé e, ó ń fò lọ, ó ń fò bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí láyé tí òun kò rí nìyẹn. Mo ya igi ọdán wa, mo ya okùn, mo ya ara mi sórí rẹ̀.

Mo wá fojú wá Àbẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ya nǹkan kan. Ó ti fi ọwọ́ gbá ibi tirẹ̀, ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú jẹ́jẹ́ títí ó fi ń dán. Inú mi dùn. Mo ní ọgbọ́n rẹ̀ tán lónìí.

Ọ̀gá yí padà, wọ́n ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìwọ, kí nìyí? O ò ya nǹkan kan?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sọ tiwọn, sà."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

A kì í nàka sí ẹ̀gbọ́n, ojú ló fi tọ́ka sí mi. Ọ̀gá wò mí, wọ́n wò ó. Ó ga jù mí lọ. "Èyí yìí?" Gbogbo ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo ṣàlàyé jáńgìlófà. Ojú Ọ̀gá là. Wọ́n ní, "Ó dára o. Ta ni yóò kọ́kọ́ gùn ún?"

"Èmi ni, sà."

"Ó di ìgbà wo kí o tó sọ̀ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn?"

N kò tíì ronú débẹ̀ rí. "Ó di ìgbà tó bá rẹ̀ mí, sà."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọmọ alákàrà dùbúlẹ̀, ó ń yí nínú yanrìn. Ìgbà-tó-bá-rẹ̀-mí di orúkọ mi nílé-ìwé.

Ọ̀gá yíjú sí Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ilẹ̀ ni, sà. Ilẹ̀ tí a lù bíi ti yàrá, lábẹ́ igi ọdán níbẹ̀ yẹn. A lè jókòó, a lè ta ayò, a lè fo ṣúwè, aṣọ wa ò sì ní dọ̀tí. Tí aṣọ bá dọ̀tí, nínà ni nílé."

"Ta ni yóò kọ́kọ́ jókòó?"

"Ilẹ̀ á gba gbogbo wa, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọ̀gá ní ẹ̀ka igi ọdán kò tiẹ̀ lè gbé jáńgìlófà. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka kan náà bí àdán, wọ́n ń já èso. Ẹ̀ka náà kò mì.

Kí a tó délé, ìròyìn ti ṣáájú wa. Bàbá wa ní, "Àbẹ̀kẹ́, o káre." Wọ́n wá wo èmi, wọ́n ní, "Ìwọ náà káre," bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti kúrò lórí iná. Ìyá mi pè mí wọ yàrá.

"Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹni tó tètè dé odò ló ń mu omi tó tòrò. Ìwọ tètè dé odò, o rú omi náà. Àbúrò rẹ dúró kó tòrò, ó bu tirẹ̀ mu. Lọ gbálẹ̀."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin fi ọkọ́ gé ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dọ́gba, wọ́n pín in: tiwọn lókè, tiwa lábẹ́ igi. Àwa obìnrin ru erùpẹ̀ ọ̀gán láti oko, ọ̀gán tí ikán mọ, nítorí òun ló ń le bí òkúta. A gba ọ̀nà Ọ̀rà lọ, níbi tí àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá, a ṣa ìgbẹ́ màlúù sínú agbọ̀n, èyí tí a ó fi pa ojú ilẹ̀ náà kí ó lè dán. Ní Sátidé, àwọn ìyá wa gbé pákó ìlulẹ̀ wọn wá láti ilé. Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ lílù rí, báyìí ni: a ó tẹ́ erùpẹ̀ tútù sílẹ̀, a ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo pákó á sì máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pà, pà, pà, bí a ti ń sún sẹ́yìn. Orin ló ń da ọwọ́ pọ̀. Ẹnì kan á ní, "Ta ló nilẹ̀?" Ìyókù á ní, "Àwa la nilẹ̀!"

Ìyá mi dúró ní ìpẹ̀kun kan, ìyá Àbẹ̀kẹ́ dúró ní ìpẹ̀kun kejì. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí pákó tirẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́. Ìdí tí ilẹ̀ náà fi le tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ọkùnrin dá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n ń kí wa láti òkè. "Ẹ kú ilé o, onílé tí kò lórùlé! Àlejò dé, ẹ gbé àga!"

Èmi mú igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò ńlá, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ há, pákó kì í balẹ̀ dáadáa, àfi kí èèyàn kúnlẹ̀. Mo lù ú títí ó fi dà bí inú àwo. Nígbà tí a parí, Ọ̀gá fi ọwọ́ ra ojú ilẹ̀ náà, wọ́n yin ìyá Àbẹ̀kẹ́, wọ́n yin Àbẹ̀kẹ́, wọ́n yin gbogbo wa pọ̀. Wọn kò dé igun tèmi.

Bóyá ẹ̀yin tó ń kà á ti rí àṣìṣe wa. Àwa kò rí i. Àwọn ìyá wa ti ń lu ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ inú ilé ni. Ilẹ̀ tí a bá lù, tí a sì fi ìgbẹ́ màlúù pa, ó parí nìyẹn, ọmọ lè bí ọmọ lórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń pariwo òrùlé létí wa, a rò pé yẹ̀yẹ́ lásán ni. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó gbójú sókè.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan. Mo gbọ́ ọ lórí páànù láti orí ẹní, ara mi sì yá gágá. Àbẹ̀kẹ́ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò jí i. Mo ṣáájú aago dé ilé-ìwé.

Ilẹ̀ náà ti di ẹ̀kọ tí kò dì. Ìgbẹ́ màlúù ti jí, ó ń rùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ alákàrà ti yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀, ó dìde bí ẹran tó bọ́ sí àbàtà. Àwọn ọkùnrin ń jó: "Onílé, ilé yín ń jò! Ẹ gbé àwo sí i!" Mo dúró, mo ń retí Àbẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí ó sunkún, kí n wá jẹ́ ẹni tí yóò fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n, kí gbogbo ayé sì rí i.

Ó dé. Ó wò ó. Ó lóṣòó, ó ki ìka bọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rọ̀. Bó ti rọ̀ yìí ló dáa láti lù. Ẹ bá wa pe àwọn yòókù."

Èmi ni mo lọ pè wọ́n. Kí ni n bá ṣe? A la ojú àgbàrá sí apá òkè, a lu ilẹ̀ náà kó tẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ. Òjò kejì tún mú un rọ̀, a tún un lù. Òjò kẹta, ojú rẹ̀ nìkan ló bó. Ká tó débi tí àgbàdo gbó, lílù yẹn gan-an ti di eré. Ayò kò dùn tó o, ṣúwè kò dùn tó o. Kí òjò ṣáà dá, àwọn ọmọbìnrin á ti fò jáde pẹ̀lú pákó. Àwọn ọkùnrin tó sọ pé ilé wa kò lórùlé wá ń mú ìbẹ́pẹ bẹ̀ wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín lu ìlà kan péré."

"Lọ sí ilé rẹ tó lórùlé," la máa ń dá wọn lóhùn, a ó sì gba ìbẹ́pẹ náà.

Àwọn tíṣà wá wò ó láti Òkè-Ìlá, àwọn mìíràn wá láti Ọ̀rà. Wọ́n á ní ta ló mú irú ọgbọ́n yìí wá. Ọ̀gá á pe Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ á kúnlẹ̀, á ní, "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ìdajì adìẹ nìyẹn náà. Ká ní ó gbé gbogbo rẹ̀ mì ni, n bá rí ohun tí mo máa bínú sí. Ó gé e sí méjì lójú ayé, ó gbé apá kan fún mi, mo sì ní láti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó fi ibi ṣe mí nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì fi ibi ṣe ẹnikẹ́ni. Ìlara náà ṣáà wà níbẹ̀, bí òkúta inú ẹ̀wà.

Mo kúrò nílé-ìwé, mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sídìí ata títà. Òun tẹ̀ síwájú, ó di tíṣà, ó ṣiṣẹ́ káàkiri, ó sì padà wá di ọ̀gá ní ilé-ìwé wa kan náà. Èmi ti ní ọmọ-ọmọ nígbà tí ó ra jáńgìlófà onírin sí ẹ̀gbẹ́ igi ọdán. Ó wá sílé mi fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tíì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Ẹ wá gùn ún, ó di ìgbà tó bá rẹ̀ yín."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé rẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn. Mo ní ìbàdí ń dùn mí. Ìbàdí kò dùn mí. Jáńgìlófà Ìyá Ọ̀gá ni àwọn ọmọ ń pè é títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní àbúrò á mọ̀ pé èèyàn a máa ṣètò ìgbẹ̀yìn ara rẹ̀ lọ́kàn. Nínú ètò tèmi, èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ á dìde níwájú gbogbo ìjọ, á sì sọ̀rọ̀ mi, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, gbogbo ìlú á sì gbọ́ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan ì bá jẹ́ tèmi nìkan. Àfi bí ó ti lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí kò dìde mọ́. Ó tún gba iwájú mi.

Àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ńtì àti òkúta dídán bo ojú sàréè. Àwọn tó kù nínú àwa ọmọbìnrin ìgbà náà, tí gbogbo wa ti di arúgbó ọ̀pá, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí sìmẹ́ńtì ṣì dúró ná, àwọn á kọ́kọ́ lu ilẹ̀ fún un. Ẹnì kan lọ ru erùpẹ̀ ọ̀gán wá. Mo yọ pákó ìyá mi lájà yàrá rẹ̀ nílé bàbá wa, mo nù ún, mo wé gèlè mi.

Olórí ẹbí wa pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun náà ti darúgbó. "Ìyá, níbo lẹ ń gbé pákó lọ?"

"Igun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n kì í rí sàréè àbúrò, ìyá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà jókòó."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n wo? Wọ́n ṣì ń pín adìẹ ìsọmọlórúkọ mi nígbà tí wọ́n bí i. Ojúgbà ni wá."

N kò sọ ọ́ rí láyé mi. Ó wò mí, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo Ìlá mọ̀ yín sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ́ wa."

Wọ́n gba pákó lọ́wọ́ mi, wọ́n fún ìyàwó ilé kan tí kò tíì fojú rí ilẹ̀ lílù rí, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ mi. Mo gbọ́ wọn. Wọ́n dá orin náà, "Ta ló nilẹ̀?", wọ́n sì gbè é. Mo mọ pákó olúkúlùkù wọn bí ó ti ń balẹ̀. Mo gbọ́ ti ìyá mi lọ́wọ́ ìyàwó náà, ó ń ṣe ségesège, ó ń pẹ́ lẹ́yìn àwọn yòókù. Mo jowú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin àbúrò mi, ní ọ̀sán, sí iwájú ilé bàbá wa. Inú yàrá ni mo wà.